Páálí Tó Ń Dúró De Ọkọ̀ Ojú Omi

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá Tántì Sílífá lọ síbi iṣẹ́, ó ní kí n wò ná, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Iṣẹ́ wa ni kí á tú ilé tí ẹrù ti kún, kí á ṣa ẹrù náà, kí á gbá ilé, kí á nù ún, kí ènìyàn lè tún rí ibi mí nínú rẹ̀. Débarras ni wọ́n ń pè é ní Libreville níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì ni, mo sì ti ní ètò tèmi: ohun tí a ó fi sílẹ̀, èyí tí a ó fi tọrẹ, èyí tí a ó dà nù.

Tántì ní, "Ìyẹn dára nílé àwọn òyìnbó. Tó bá jẹ́ àwa ni, kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló ni ín."

Mi ò gbà á gbọ́ tán. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Mo rí i ní àdúgbò Kalikak, nílé Àlàájà Sínótù, opó kan tó ń ta aṣọ ọmọdé. Mulikátù ọmọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bí àkọ́bí. Àlàájà fẹ́ kí ìyá àti ọmọ wá gbé lọ́dọ̀ òun, kí òun máa fọwọ́ ara òun wẹ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n páálí ló kún yàrá tí wọn ìbá sùn, ó kún un dé àjà. Mulikátù sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí yàrá náà kò bá ṣófo, ilé ìyá ọkọ òun ní Sotega lòun ń lọ.

"Ilé ìyá ọkọ!" Àlàájà pàtẹ́wọ́. "Kí obìnrin yẹn máa na ọmọ-ọmọ mi lápá lẹ́sẹ̀, kí èmi máa wá kí wọn bí àlejò?"

Síbẹ̀, bí mo ṣe gbé páálí kìn-ín-ní, ó di í mú.

"Laisse, laisse! Fi í sílẹ̀! Ẹrù Nàìjíríà nìyẹn."

Àwọn òbí wa tó ń ṣòwò níbí máa ń ra nǹkan díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ará ilé, wọn á máa kó o jọ títí wọn yóò fi rí ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e. Ọkọ Àlàájà ló máa ń ṣètò ọkọ̀. Láti ìgbà tó ti kú, ẹrù ń pọ̀ sí i, ọkọ̀ kankan kò sì lọ. Mo tú páálí náà. Bàtà iléèwé ọmọdé ni, awọ rẹ̀ ti ń bó.

"Ta ló ni ín, Àlàájà?"

"Ti Wàsíù ni, ọmọ àbúrò mi."

"Kíláàsì wo ni Wàsíù wà báyìí?"

"Ó ń wa tírélà."

Tántì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Kì í ṣe ojúkòkòrò ló ń ṣe Àlàájà. Ẹrù ẹlẹ́rù ni, ẹlẹ́rù nìkan ló sì lè yọ̀ǹda rẹ̀. Mo ní kí ó pè é lórí fóònù.

"Màmá, bàtà wo?" Ohùn Wàsíù gba gbogbo yàrá. "Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi gan-an ò lè wọ̀ ọ́! Ẹ fún ọmọ tó bá kọ́kọ́ kọjá."

Láti orí ìyẹn, bí a ṣe ń pè, bẹ́ẹ̀ là ń gbé jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti ń rí ilẹ̀ yàrá. Ó wá ku bàsíà tánńganran ńlá kan, ti ẹ̀gbọ́n ọkọ Àlàájà ní Ògbómọ̀ṣọ́. A pe òun náà.

"Ìyàwó, tèmi ni o! O ò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni!" Ẹ̀gbọ́n tún béèrè pé, "Mulikátù ńkọ́? Ṣé ó ti bí?"

"Ó kù díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kọ́kọ́ fi wẹ ọmọ-ọmọ àbúrò mi fún mi ná, kí o tó fi ránṣẹ́."

Mi ò lè sọ pé ìbéèrè Tántì yìí, "Ta ló ni ín?", ń tú gbogbo ilé; mo ti rí ilé tó kọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ wa báyìí, òun náà ni mo sì fi ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Mulikátù bímọ, tí mo lọ kí i lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kalikak, ọmọ wà nínú bàsíà, ó ń ké, Àlàájà ń nà án lápá, ó ń kì í. Nígbà tó wẹ̀ ẹ́ tán, ó da omi nù, ó nu bàsíà náà gbẹ, ó sì dá a padà sínú páálí rẹ̀.

Mo ní, "Àlàájà, ọ̀la ńkọ́?"

"Tó bá dọ̀la, a ó tún yá a."