Bí Wọ́n Ṣe Fi Fíìmù Wá Ẹkún Mi

Tí mo bá sọ pé n kì í sunkún, irọ́ ni. Mo sunkún nígbà tí wọ́n bí mi; màmá mi jẹ́rìí sí i. Mo sunkún nígbà tí mo já bọ́ láti orí igi káṣú lóko bàbá mi tí ọwọ́ mi kán. Mo tún sunkún nígbà tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì, lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà gbé iṣẹ́ oṣù mẹ́ta mì, tí kò sì pọ̀ ọ́ mọ́. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí kò ju èyí lọ: fíìmù ò tíì pa mí lẹ́kún rí. Mo máa ń jókòó sáàárín àwọn tó ń fún imú, ojú mi á gbẹ táútáú.

Nílé wa ní Ṣakí, kò sẹ́ni tó ka èyí sí àbùkù títí wọ́n fi dá ọjọ́ ìgbéyàwó mi.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin kì í kàn dìde kó máa lọ sílé ọkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wá mú un, á fi ìbòrí borí, á máa lọ láti yàrá dé yàrá nínú agboolé, á kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà, á máa sun ẹkún ìyàwó. Á fi ohùn arò dágbére, á fi dúpẹ́, á sì fi tọrọ àdúrà. Àwọn kan ti ń fi í sílẹ̀ báyìí, wọ́n ní kò sí àyè. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò fi ohunkóhun sílẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń wá káàkiri ìlú láti ọjọ́ pípẹ́ pé kó wá bá ìyàwó sunkún. Tó bá gbóhùn sókè nínú ilé, ẹni tó ń kọjá lójú títì á dúró, á sọ ẹrù kalẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí wọ́n fi ń bú u. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ẹkún tirẹ̀. Fìlà bàbá arúgbó kan ló bọ́ sínú àwo ọbẹ̀ nígbà tó ń súre fún un. Mi ò tíì pàdé ẹni tí kò ní rẹ́rìn-ín sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ọkọ ò rí fìlà. Eyín ìyàwó ni wọ́n rí. Wọ́n ní ó dájú pé ilé baba rẹ̀ ti sú u tipẹ́. Títí dòní, tí Ìyá Àgbà bá ń fi ẹkún ìyàwó yangàn, ẹnì kan á béèrè pé, “Ọmọ tiyín ńkọ́?” Láti ìgbà náà, èmi ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó máa jáde nílé rẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún mi láìfi bò: “Tí ìwọ náà bá kúrò níbí láìsunkún, mo ti fẹ̀yìn tì nìyẹn. Mi ò ní lẹ́nu láti bá ọmọ ẹlòmíì sunkún mọ́.”

Èmi náà ò fẹ́ kó fẹ̀yìn tì. Mo mú ìwé àti bírò, mo lọ kọ́ ẹkún lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ní kí n máa sọ pé mo wá dágbére fún odò tí mo ti ń pọnmi láti kékeré.

Mo ní, “Ìyá Àgbà, mi ò pọnmi lódò rí. Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí la fi ń pọnmi.”

“Ta ló bi ọ́?”

“Àwọn tó mọ̀ mí á mọ̀ pé irọ́ ni.”

Ó wò mí títí. “Ọmọ yìí, ẹkún lo fẹ́ sun ni, àbí ẹjọ́ lo fẹ́ lọ rò ní kóòtù?”

Nígbà tí ẹ̀kọ́ wa ò lójú mọ́, àbúrò mi obìnrin dá sí i. Òun ni fíìmù máa ń pa lẹ́kún kí wọ́n tó kọ orúkọ àwọn òṣèré tán. Ó ní, “Ìyá Àgbà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Wọn ò tíì rí fíìmù tó dunni dénú ni. Ọjọ́ mẹ́rin péré, wọ́n á máa sunkún bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n tún ń sọ yẹn.”

Ìgbà èlùbọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni màmá mi àti aládùúgbò wa kan tí a ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n á máa bẹ iṣu tí wọ́n fẹ́ bọ̀, kí wọ́n tó sá a sórí àpáta. Àbúrò mi gbé tẹlifíṣọ̀n jáde síbẹ̀, ó so ó mọ́ bátìrì sólà, ó ní kí n jókòó sáàárín.

Fíìmù àkọ́kọ́ dá lórí ìyá kan tó ta gbogbo aṣọ rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé. Ọmọ kàwé, ó dọ̀gá, ìyá wá a lọ sílé, ọmọ ní kí wọ́n ti géètì, òun ò mọ̀ ọ́n rí. Màmá mi fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ojú. Ìyá Àgbà ń mi orí, omi ń dà. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn yíjú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó.

“Ṣé ó ti ń bọ̀?” Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ béèrè.

“Rárá, Mà.”

“Kí ló wá wà lọ́kàn ẹ?”

Mo sọ òótọ́. “Wọ́n ní ogún ọdún ti kọjá. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìdí igi nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré ló ṣì wà níbẹ̀ yẹn, okùn ọrùn ẹ̀ ò yí padà.”

“Ewúrẹ́!” Màmá mi pariwo. “Wọ́n ń lé ìyá oníyàá lẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ lò ń wò!”

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ní kí àbúrò mi dá a padà kí òun rí i. Ó tẹjú mọ́ ọn. “Òótọ́ mà ni. Ó tiẹ̀ lóyún. Ogún ọdún, kò sì tíì bímọ.”

Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀rín ló ń pa á nígbàkigbà tí ìyá náà bá tún jáde. Àbúrò mi bínú, ó ní mo ti ba fíìmù náà jẹ́ fún gbogbo ilé.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú ti ìyàwó baba tó ń fi ebi pa ọmọ òrukàn wá. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ na ọ̀bẹ sí tẹlifíṣọ̀n, ó ṣépè fún obìnrin náà, ó ní ilé ayé ò ní gbà á. Nígbà tí ọmọ náà kú, Ìyá Àgbà ní kí a ṣe àdúrà fún un, gbogbo ilé sì ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín, nítorí pé àdúrà ò ba nǹkan jẹ́. Àmọ́ mo ti rí ọmọ náà nínú fíìmù mìíràn, ó ń pín kéèkì ọjọ́ ìbí. Mi ò kúkú sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ yẹn. Ojú ló tú mi fó.

“Ó tún rí nǹkan,” ni àbúrò mi wí.

Ó fi fíìmù sílẹ̀, ó bọ́ sórí géèmù. Lórí fóònù rẹ̀, ọmọ ajá kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa fún lóúnjẹ. Bí kò bá rí oúnjẹ, á máa sunkún, á sì di ẹrù rẹ̀ kúrò nílé. Ó fi fóònù náà lé mi lọ́wọ́, ó ní mi ò gbọdọ̀ fún un ní nǹkan kan, kí n kàn máa wo ojú rẹ̀. Mo wò ó. Ó ṣeni láàánú, mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dà mí láàmú jù ni bí ajá ṣe lè di ẹrù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ajá náà ti yó, ó ń fò sókè sódò. A wádìí, wádìí. Màmá mi ló ti yọ́ fún un lóúnjẹ, màmá mi tí kì í jẹ́ kí ajá rìn kọjá níwájú kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀.

“Ohùn rẹ̀ ni,” ó wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. “Ó ń dí mi lọ́wọ́.”

Ọkọ àfẹ́sọ́nà mi pè láti Ìgbẹ́tì lọ́jọ́ kẹta. Mo ròyìn fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní, “Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ o, ìyáálé ilé wa ló ń bọ̀ wá mú ọ. Kì í gba ẹ̀rí ẹlòmíì. Ojú ara rẹ̀ ló fi ń rí i.”

Báyìí la ṣe dé ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, ojú mi gbẹ síbẹ̀. Àbúrò mi ní ẹyọ kan ló kù, fíìmù Íńdíà, ó sì ní ẹni tí ìyẹn ò bá pa lẹ́kún, kí wọ́n lọ yẹ ojú rẹ̀ wò ní ọsibítù. Kò sí ìtumọ̀ kankan nínú rẹ̀, a ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ìyá Àgbà ní kò burú, pé ẹni tí ìyà ń jẹ kì í ní ju èdè kan lọ.

Ó dé ibi tí wọ́n ti ń mú ọmọbìnrin kan lọ sílé ọkọ. Wọ́n fi wúrà bo imú rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, àwọn èèyàn sì yí i ká, wọ́n ń jó.

“Ìyá ọmọ yìí dà?” Ìyá Àgbà béèrè.

“Ó jọ pé ó ti kú,” àbúrò mi dáhùn.

“Ìyá tó bí bàbá rẹ̀ ńkọ́?”

“Wọn ò fi hàn.”

“Ta ló wá ń bá a sunkún?”

“Wọ́n ń jó ni, Ìyá Àgbà.”

“Wọ́n ń jó!” Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó dìde dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n. “Ọmọ ọlọ́mọ ń lọ, kò rí ẹni bá a dárò!”

Ó gbóhùn sókè. Ó sun ẹkún ìyàwó fún ọmọ Íńdíà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó bá a dágbére fún odò, fún ọlọ, fún ẹnu ọ̀nà baba rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wọlé láti òpópónà, tí wọ́n rò pé tèmi ni wọ́n ti gbé síwájú. Nígbà tí wọ́n rí ẹni tí wọ́n ń sun ún fún, kò sí ẹni tó padà lẹ́yìn. Wọ́n jókòó ti iṣu. Nígbà tó parí, àwọn tó pẹ́ dé bẹ̀ ẹ́, àbúrò mi dá fíìmù padà, Ìyá Àgbà sì tún un sun. Ẹ̀ẹ̀mejì gbáko. Ẹkún gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi nìkan ni mo rántí pé iṣu wà lórí iná.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun mọ́ríbì, Ìyá Àgbà fẹ́ pè mí kí n bu omi wá fún òun. Afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde.

A fún un ní oyin. A fún un ní orógbó. Ilẹ̀ mọ́, ohùn ò bọ̀.

Àwọn àáfà so yìgì láàárọ̀. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo wọ aṣọ òkè, wọ́n fi ìbòrí bò mí, ooru sì mú bíi pé wọ́n ń bọ èlùbọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìyáálé láti Ìgbẹ́tì ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì. Ó yọ awò ojú rẹ̀ nínú báàgì, ó nù ún, ó fi sójú, ó sì wò mí.

Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Òun ló yẹ kó dá a, kí n máa gbè é. Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan. Ó tún un là. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á, mi ò sì tíì rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí.

Àbúrò mi sọ sí mi létí pé, “Ẹ rántí ìyá ẹnu géètì.”

Ewúrẹ́ ni mo rántí. Gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé, odò àti ọlọ, ti fò lọ. Ohun tó kù kò ju èyí tí mo mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀:

“Ìyá Àgbà, mo wá dágbére o.
Ẹ̀yin lẹ sọ fún bàbá mi pé ibà ń ṣe mí
lọ́jọ́ tí mi ò fẹ́ lọ sóko ẹ̀wà.
Ara mi ò gbóná, ẹ sì mọ̀.
Ẹ sìn mí dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ń lọ yunifásítì,
ẹ ní iṣu lẹ fẹ́ rà níbẹ̀.
Wọn kì í ta iṣu níbẹ̀, Ìyá Àgbà.
Wọn ò tà á rí.”

Mo yíjú sí màmá mi.

“Màmá mi, mo wá dágbére o.
Nígbàkigbà tí omi bá kù díẹ̀ nínú kèrègbè lóko,
ẹ ní òùngbẹ ò gbẹ yín.
Mo ti ń kíyè sí i láti kékeré:
tí omi bá pọ̀, òùngbẹ máa ń gbẹ yín.”

Àbúrò mi tó yẹ kó máa gbè é ti dojú bo ògiri. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Bàbá mi ní òun fẹ́ lọ wo táyà mọ́tò, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìyáálé Ìgbẹ́tì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi ìborùn nu ojú, àwọn obìnrin méjì tó tẹ̀ lé e ń fún imú. Mo fọwọ́ kan ojú mi lábẹ́ ìbòrí láti mọ̀ bóyá nǹkan ti yí padà. Ojú gbẹ. Òógùn ló ń ṣàn ní iwájú orí.

Nígbà tí àwọn àgbà súre tán, Ìyá Àgbà fà mí dìde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyáálé náà sì dìde. Ó ní, “Ọmọ yìí sunkún. Ọmọ tí wọ́n tọ́jú ni. Mo rí i kedere, omijé méjì, ti ojú òsì ló kọ́kọ́ bọ́.”

Awò ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń sọ yìí. Mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ìyá,” mo wí, “ẹ má bínú, òógùn ni…”

Ìyá Àgbà gbé gìgísẹ̀ lé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Gìgísẹ̀ tó ti rin oko Ṣakí láti ìgbà èwe rẹ̀ ni, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Omi lé ròrò sójú mi, ó sì dà, ti ọ̀tún àti ti òsì, mi ò mọ èyí tó ṣáájú.

“Ẹ ò rí i?” ìyáálé kígbe. “Ó tún ti bẹ̀rẹ̀!”

Ìyá Àgbà fi gbogbo ohùn tó kù ú kù, bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò ta epo sí, ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

“Ẹ tètè máa mú un lọ,” ó ní, “kó tó gbẹ.”