Iṣẹ́ tí mo fi sí ìsàlẹ̀



Èmi ni mo ń pín iṣẹ́ fún àwa mẹ́rin tí à ń ṣe áàpù àkọsílẹ̀ aláìsàn fún ilé ìwòsàn kan nítòsí Takie, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan sọ fún wa pé áàpù náà kì í fi oògùn tí ara aláìsàn kì í gbà hàn mọ́. Mo fi ìyẹn sí ìsàlẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, torí pé ọ̀gá ilé ìwòsàn náà fẹ́ ká kọ́kọ́ pààrọ̀ àwọ̀ áàpù.

Láàárọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì yẹn pè mí.

"Bọ̀dá, mo ti fa abẹ́rẹ́ tán kí ìyá ọmọ tó pariwo pé, 'Ẹ má gún un o! Oògùn yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lọ́jọ́sí!' Áàpù yín ò sọ nǹkan kan fún mi o!"

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Mi ò gún un. Ó wà dáadáa."

 Ká ní ìyá yẹn ti jáde lọ ra omi ńkọ́?

A pa àwọ̀ tì lójú ẹsẹ̀. Wákàtí méjì péré la fi tún ibi oògùn yẹn ṣe!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín iṣẹ́, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tí kò ṣeé sún síwájú?