Lẹ́tà Tí Mo Ní Kí Ìyàwó Mi Dáná Sun

Ogun abẹ́lé ti parí bí ọdún mẹ́rin, mo ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé girama kan ní Igbó-Ọrà, nígbà tí yunifásítì Ìbàdàn gbà mí fún máàsítà lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ìṣàkóso ilé-ìwé. Ẹni tó bá kà á kì í pẹ́ di ọ̀gá ilé-ìwé, wọn a sì fún un ní mọ́tò. Èkejì jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko, òun sì ni ọkàn mi fẹ́. Ní Sátidé, mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oko àwọn èèyàn lọ́nà Lánlátẹ̀, màá já ewé, màá tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, màá sì kì í bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo kọ lẹ́tà méjèèjì pé mo gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rò ó, torí ọmọ mẹ́ta la ní. Níkẹyìn, mo kó wọn fún ìyàwó mi.

“Ìyá Ìbejì, bá mi fi ti ìṣàkóso ránṣẹ́ ní pósọ́fíìsì. Kí o dáná sun èkejì.”

“Mo ti gbọ́, Bàbá Ìbejì.”

Lẹ́yìn oṣù kan, èsì dé. Níwájú àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ni mo ti já a. Àwọn onímọ̀ ewéko ló kọ ọ́: inú àwọn dùn pé mo ń bọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo délé.

“Èwo lo fi ránṣẹ́?”

“Ti ewé ni.”

“Ti ìṣàkóso ńkọ́?”

“Mo ti sun ún.”

Ẹnu yà mí débi pé mi ò rántí bínú.

Ó ní, “Nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá dárúkọ iṣẹ́ ọ̀gá yẹn, ojú yín a dà bíi ti ẹni tó ń lọ sẹ́wọ̀n. Èmi ni màá máa wo ojú yẹn dọjọ́ ogbó. Ẹ̀rù bà mí.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn. Akọ̀wé yunifásítì ní àyè mi ní ìṣàkóso ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Nígbẹ̀yìn, mo lọ ka ẹ̀kọ́ ewéko náà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tíṣà kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi di ọ̀gá ilé-ìwé ní Èrúwà. Ó fi mọ́tò tuntun kọjá níwájú ilé wa, ó juwọ́. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí.

Omi lé sójú ìyàwó mi. “Bàbá Ìbejì, ṣé mo ba ayé yín jẹ́?”

Mo jáde síta. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àgbẹ̀ kan wá láti Ayétẹ̀, ó kó ewé ẹ̀gẹ́ tó ń rọ dání, ó ní wọ́n ní èmi ni kí òun bi ní ohun tó ń ṣe é. Èmi àti àgbẹ̀ náà jókòó ti ewé náà, à ń yẹ̀ ẹ́ wò títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tó lọ, mo wọlé tọ ìyàwó mi.

“O ò ba nǹkan kan jẹ́,” ni mo wí.