Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Wa Tó Kọjú sí Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Yan Gàrí

Òórùn gàrí ló máa ń kọ́kọ́ dé imú mi bí mo bá rántí ọdún tí ṣọ́ọ̀bù ìyá wa ṣófo ní Lálúpọn. Ìyá wa ti kú, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí ló sì kọjú sí. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Alákíà ti búra pé bí òjò bá dé tí n kò tíì rí ẹni gbà á, àwọn á wó o, àwọn á fi ààyè rẹ̀ gbé mọ́tò àwọn sí. Bẹ́ẹ̀, iyọ̀ tí ìyá wa tà níbẹ̀ ló tọ́ àwa méjèèjì dàgbà.

Ìwé mẹ́fà tí mo kà ń gùn mí, mo ní ọjà ìgboro ló yẹ ibẹ̀. Mo kọ́kọ́ fún aláṣọ. Láìpẹ́, léèsì rẹ̀ ń rùn gàrí débi pé ewúrẹ́ ń tẹ̀lé àwọn tó wọ̀ ọ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Ó kó lọ. Mo fún onígbàjámọ̀. Lọ́jọ́ tí èéfín pọ̀, irùngbọ̀n àfáà wa ló fá, ó ṣèbí ìpàkọ́ ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó lọ wo àgbọ̀n àfáà. Òun náà sá lọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá arúgbó kan máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán àpò tí àwọn obìnrin fi ń fún ẹ̀gẹ́. Bí ẹni tó fẹ́ wo ṣọ́ọ̀bù bá ń bọ̀, màá ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àkísà yín kúrò, àlejò ń bọ̀.”

“Ó dáa, lańlọ́ọ̀dù àwọn eku.”

Àwọn obìnrin á bú sẹ́rìn-ín.

Òjò àkọ́kọ́ ń ṣú bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi kó lébìrà dé, tòòlù tòòlù. Obìnrin kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, kálukú di àpò tó ya mú.

“Ẹ dìde!”

“Alájì, ẹ̀gẹ́ tí a ti rin sílẹ̀ ńkọ́?” ni ọ̀kan nínú wọn dáhùn. “Ṣé inú mọ́tò yín la ó ti fún un?”

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. “Ta ló ni gbogbo èrò yìí?”

Ẹnu mi yá ju orí mi lọ. “Ìyá aránpò ni. Wọ́n ti gba ṣọ́ọ̀bù láti àná.”

Ìyá arúgbó ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n já òwú. “Bẹ́ẹ̀ ni, Alájì. Kọ́kọ́rọ́ ló kù tí àbúrò yín ò tíì fún mi.”

Lójú ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti yọ kọ́kọ́rọ́ lápò fún ìyá.

Ọmọ ìyá aránpò náà ló ń rán àpò níbẹ̀ báyìí, ó ti fi asẹ́ àti ọ̀bẹ kún un. Inú oòrùn ni mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń sùn. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí bí mo ṣe mọ ọjà tó yẹ ibẹ̀, mo máa ń ní ọpọlọ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn nírọ̀lẹ́, mo ń rántí ìyá wa, tí wọ́n máa ń sọ pé ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn bá ti ń yà láìpè é ni ọjà ń wà. Létí mi ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Iyọ̀ ni mo ń lá lọ́wọ́.