Bátìrì tó ń kú mọ́jú, àti bàbá mi tí mo dá lẹ́bi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ti gbúròó mi níbí. Ẹ fara balẹ̀, kí n ro ohun tí ojú mi rí fún yín. Ó nira fún mi láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e mì, yóò máa jẹ mí nínú ni.

Ẹ mọ̀ pé Akpakpa ní Kùtọnú ni mò ń gbé, àti pé mọ́tò mi ni mo fi ń kó páálí omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ fún àwọn oníbàárà mi ní Ekpè. Mọ́tò náà ti dàgbà, àmọ́ kì í yọ mí lẹ́nu. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dún kẹ́, ó dákẹ́. Bátìrì ti kú!

Àwọn ará ilé bá mi tì í, ó ṣiṣẹ́. Mo lò ó títí di ìrọ̀lẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀ mọ́, ó tún kú! Mo ra bátìrì tuntun. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, òun náà kú! Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?

Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi ń gbé nígbà náà, látìgbà tí ìyá mi ti kú. Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n. Ọ̀nà Kùtọnú sí Ṣakété ni wọ́n ná títí ojú wọn kò fi ríran dáadáa mọ́. Bí mo bá ti dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á jókòó síbi ìjókòó dẹ́rẹ́bà, wọ́n á tan rédíò, wọ́n á máa gbọ́ ìròyìn ní èdè Nàgó. Gbogbo fàájì tó kù fún wọn nìyẹn.

Ta ni kí n fura sí? Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń pa rédíò kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀.

"Ràfíátù, mo ń pa á," ni wọ́n wí. "Nǹkan mìíràn ló ń fa iná nínú mọ́tò yìí. Gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ǹjẹ́ mo gbọ́? Rárá o!

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà mi kan ń ṣe ìkómọ ní Ekpè, ó ń retí ẹrù rẹ̀, mọ́tò kò dáhùn. Inú bí mi. Mo dúró sí àárín ọgbà, gbogbo àwọn tí a jọ ń gbélé jáde síta, mo pariwo mọ́ bàbá mi! Mo ní wọ́n ti darúgbó, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe mọ́, wọ́n fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mo sọ ọ́ báyìí, ẹnu èmi yìí. Mo ní wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mi mọ́.

Wọ́n wò mí. Wọ́n rọra wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kí àbúrò wọn obìnrin ní Ṣakété. N kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró. Mo sìn wọ́n dé ìdí takisí, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n lọ.

Ẹ gbọ́ o: ilẹ̀ mọ́, bátìrì tún kú! Bàbá kò sí nílé, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan rédíò.

Mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Múnírù, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ó pa mọ́tò, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó tú okùn dúdú orí bátìrì, ó fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn iná sáàárín okùn náà àti bátìrì. Ó ní bí mọ́tò bá ń sinmi, nọ́ńbà tó yẹ kó hàn kéré gan-an. Tèmi ga! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ ti rédíò, nọ́ńbà kò yẹsẹ̀. Ó yọ ti iná inú mọ́tò, nọ́ńbà já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá tan fídíò fóònù rẹ̀, ó gbé e sínú kọ́fù, ìyẹn ẹ̀yìn mọ́tò níbi tí mò ń kó ẹrù sí, ó sì ti í. Nígbà tí a wo fídíò náà, iná kékeré inú kọ́fù ń tàn rekete nínú òkùnkùn!

"Ta ló ń ti kọ́fù yìí?" ló bi mí.

"Èmi ni."

Ó ní páálí tí mò ń fi ipá kì bọ̀ ọ́ ti tẹ irin ìdè rẹ̀, kò kan bọ́tìnnì tó ń pa iná mọ́. Èmi gan-an ni mo ń pa bátìrì mi!

Mo mú fóònù láti pe bàbá mi. Ojú tì mí. Mo ní irú ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti fóònù, n ó lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́rú la wà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àbúrò wọn pè mí. Ó ń sunkún. Bàbá ṣe àlùwàlá tán, wọ́n fara ti ògiri, ó parí.

Mo gbé mọ́tò lọ sí Ṣakété. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yí kọ́kọ́rọ́ tó ṣiṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo kúnlẹ̀ ti òkú bàbá mi, mo tọrọ àforíjì. Ta ló máa dá mi lóhùn?

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bi àbúrò wọn bóyá bàbá sọ fún un nípa ohun tí mo ṣe sí wọn. Ó yà á lẹ́nu.

"Kí lo ṣe? Wọ́n ní atẹ́gùn òkun Kùtọnú ni kò bá wọn lára mu mọ́. Ìwọ ni wọ́n ń yìn ní gbogbo ìgbà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbá sàn kí wọ́n fi mí sùn.

Ohun tí mo kọ́ rèé: ẹ wá ìdí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, pàápàá àgbàlagbà tí kò lè bá yín jà. Bí ẹ bá sì ti ṣẹ̀ wọ́n, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ máa lè kúnlẹ̀ dáadáa. Ẹ pè wọ́n bí ojú tilẹ̀ ń tì yín. Ṣé ẹnì kan wà tí ẹ jẹ ní "ẹ má bínú"? Ẹ kọ́kọ́ pè é ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ fún mi nísàlẹ̀ ibí bó ṣe dá yín lóhùn. Mo fẹ́ gbọ́ ti ẹni tí wọ́n dá lóhùn.