Ohun Tí Ògbufọ̀ Kò Sọ ní Kóòtù

Ìyá àgbà tí a jọ ń gbélé na ọwọ́ wọ àárín irin sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pàá, ó di àtàǹpàkò bàbá mi mú, ó sì yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Taàdáwà ṣì wà lára rẹ̀. Òórùn ìtọ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Mo fi etí ìró màmá mi bo imú.

“Kí ni wọ́n kọ síbi tí o tẹ̀?”

“Mi ò mọ̀, Màmá. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, n ó lọ ulé.”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Yàrá ìyá àgbà náà kọjú sí tiwa nínú ilé tí a háyà ní Adó. Ògbufọ̀ ló jẹ́ ní kóòtù kó tó fẹ̀yìn tì: ohun tí adájọ́ bá fi èdè òyìnbó sọ, òun ló ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tó ń jẹ́jọ́. Bàbá mi gbé ìrẹsì láti Ìgbẹmọ wá sí Fájuyì nínú ìlú Adó, ni àwọn ọlọ́pàá bá kó o mọ́ àwọn tí wọ́n ń mú nítorí ọ̀kadà kan tó sọnù. Ìwé tó tẹ̀ sọ pé òun ló jí i.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá náà ti ń kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ sẹ́yìnkùlé wa. Wọ́n á máa ṣa òkúta inú ìrẹsì, òkúta á máa dún ta, ta, nínú abọ́ irin, òun á sì máa kọ́ wọn lóhun tí wọn yóò sọ.

“Ẹ má pariwo. Ẹ má bẹ̀bẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ka ìwé náà ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́.”

Gbogbo Mọ́ńdè ni wọ́n ń lọ jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá lé wọn. Wọ́n tilẹ̀ da omi ìfọlẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀ nígbà kan. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, àwọn obìnrin náà tún wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá àgọ́ náà fi gbà pé wọn yóò máa ka ìwé náà sétí ẹni tí wọ́n mú, níwájú ẹbí rẹ̀, bàbá mi ti kú. Ikọ́ ló pa á ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n gbé e lọ. Kóòtù kò tíì pe ẹjọ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà lọ́jọ́ tí ọ̀gá náà gbà, ó yà kúrò láàárín wọn. Ó wá jókòó ti màmá mi lórí ẹní.

“Irú ìwé yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kà á ní kóòtù,” ló wí. “Mo ń rí i lójú àwọn tó ń jẹ́jọ́ pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n tẹ̀. Mi ò sọ fún adájọ́. Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣọ́.”

Màmá mi ń wo ilẹ̀. Ìyá náà kò ní ká dárí ji òun. Ó kàn jókòó tì wá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ti kú báyìí, wọ́n sì ń dárúkọ rẹ̀ sí rere ládùúgbò. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń ronú nípa àwọn tí wọ́n ti dúró níwájú rẹ̀ ṣáájú bàbá mi, tí kò sọ̀rọ̀ nítorí wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Inú sì ń bí mi sí i títí dòní.