Ẹran tí Uqittuk Sin sí Ẹnu Odò

Àgbà obìnrin ni Uqittuk ní ìlú wa létí òkun yìnyín lókè àríwá, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ẹran rán. Bí àwọn ọdẹ wa bá ti pa aiviq bọ̀ láti erékùṣù, ẹran òkun ràbàtà tí eyín rẹ̀ gùn bí ti erin yẹn, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Á jókòó sórí òkúta, á gé ẹran àti ọ̀rá, á fi awọ ẹran náà dì í bí ẹni pọn ọmọ, á wá fi okùn rán an pa. Wọ́n á gbẹ́ yanrìn olókùúta létí omi ní erékùṣù náà, wọ́n á sin ín, ó di ìgbà òtútù kí wọ́n tó hú u. Ohun tó bá jáde níbẹ̀ là ń pè ní igunaq. Òórùn rẹ̀ le, adùn rẹ̀ sì ju òórùn rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà, a kò sì gbọ́ rí pé ẹnì kan jẹ tọwọ́ wọn kí inú run ún.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, Putulik, ọdẹ òkun, aláwàdà paraku. Bó bá wọlé tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí oúnjẹ, a máa ní òórùn ilé yìí lòun fi ń mọ̀nà bí kùrukùru bá bo òkun. Uqittuk náà á ní imú yẹn kúkú tóbi tó.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìjì dá àwọn ọdẹ dúró pẹ́. Nígbà tí wọ́n fi gbé ẹran dé, kò sí àyè à ń padà lọ sin ín sí erékùṣù bíi ti àtẹ̀yìnwá, ẹsẹ̀ sì ń dun Uqittuk. Wọ́n bá sin ín sí ẹnu odò lẹ́yìn ìlú, níbi tí ìgbì ti ń ti ẹrẹ̀ wọlé. Ooru ò tètè lọ lọ́dún náà. Ìgbà tó yẹ kí òkun ti dì, tí èèyàn lè máa rìn lórí rẹ̀, omi ṣì ń ṣàn. Gbogbo wa ló rí i. À ń sọ ọ́ nídìí tíì, a sì ń mu tíì wa lọ.

Nígbà tí wọ́n hú ẹran náà, Putulik ló kọ́kọ́ nawọ́ sí i, òun náà ló sì jẹ jù. Niali ìyàwó rẹ̀ lóyún, kò lè gba òórùn rẹ̀ sára. Uqittuk jẹ díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì ẹran náà, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì ni Putulik wá sílé rẹ̀, tó ń di ògiri mú. Ó ní ọ̀fun òun gbẹ. Ó jókòó, ó tẹjú mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di méjì lójú mi,” ó ní. “Ẹyọ kan tẹ́lẹ̀ náà ti tó wa.”

Uqittuk rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí i pé ìpéǹpéjú àbúrò òun ń wó bí ti ẹni tó ń tòògbé, tí ọ̀rọ̀ sì ń wúwo lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín náà kú.

Nọ́ọ̀sì wa ò fi nǹkan falẹ̀. Ó ké sí ọsibítù ńlá pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́gun májèlé inú ẹran ránṣẹ́. Bàálù gbéra, ṣùgbọ́n kùrukùru bo pápá, ó yí, ó yí, ó padà. Ọpọlọ Putulik pé, ó mọ gbogbo wa. Ara ló ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti ojú dé ọrùn, láti ọrùn dé àyà. Nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń fi ìka tẹ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ojú ọ̀run tó là, kí abẹ́rẹ́ tó dé, ó ti dákẹ́.

Kò sẹ́ni tó bá Uqittuk wí. Èyí gan-an ló dùn ún jù. Ó ní ìbá sàn kí Niali gbá òun létí. Ó kó ọ̀bẹ rẹ̀ sínú àpótí, búrẹ́dì àti tíì ló wá ń jẹ. Nígbà tí Niali bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Putulik, bó ṣe yẹ: lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá gba orúkọ òkú, òkú náà ló padà wá, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Uqittuk gbé e, ó pè é ní àbúrò òun, ó gbé e padà fún ìyá rẹ̀, ó sì jáde.

Ìgbà tí yìnyín yọ́, òyìnbó obìnrin kan dé láti gúúsù, Solange lorúkọ rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú òkun ló ń ṣèwádìí. Ó ń bu ẹrẹ̀ etí omi sínú ìgò, ó ń wọn bí ilẹ̀ ṣe tutù sí. Ó bẹ Uqittuk pé kó fi ibi tí wọ́n sin ẹran han òun. A rò pé á kọ̀. Ó wọ bàtà, ó mú un lọ.

Solange padà wá jábọ̀ fún un. Ó ní kòkòrò tó pa Putulik wà nínú ẹrẹ̀ ẹnu odò yẹn, ó sì pọ̀. Á sùn bí irúgbìn, òtútù ò ní pa á. Ibi tí afẹ́fẹ́ ò bá wọ̀, tí ilẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jí, tó ń tu májèlé sínú ẹran.

“Ó wà níbẹ̀ láyé ìyá mi?” Uqittuk béèrè.

“Ó wà níbẹ̀, màmá. Bóyá ó tiẹ̀ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó tẹ etíkun yìí dó.”

“Òtútù ló ń bá wa ṣọ́ ọ nígbà náà.”

Solange ní bẹ́ẹ̀ ni.

Uqittuk ti pinnu pé òun ò ní fọwọ́ kan ẹran mọ́. Àmọ́ ọ̀fun àwọn èèyàn ń fẹ́ igunaq, àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya kan sì ti ń dé ẹran mọ́nú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù kó lè di igunaq. Niali gbọ́. Ó pọn ọmọ, ó lọ bá a.

“Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín rán mi sí yín. Ó ní ẹ dìde.”

“Àbúrò mi ò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ.”

“Ó ti mọ̀ ọ́n sọ rí. Ike ni wọ́n ń kó ẹran sí báyìí. Ta lẹ fẹ́ kó kú tẹ̀lé e?”

Ìgbà yẹn ni Uqittuk tó sunkún, láti ọjọ́ tí Putulik ti kú. Nígbà tó sun ún tán, ó ní kí Niali bá òun gbé àpótí ọ̀bẹ òun sílẹ̀.

Lọ́dún náà, ó dúró títí òtútù fi mú gan-an. Ó ní erékùṣù nìkan la ti máa sin ẹran. Ó rán an, kò fà á le, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè, ó tò ó sáàárín òkúta níbi tí atẹ́gùn ń gbà. Nígbà tí wọ́n hú u, ó gé díẹ̀ fún bàálù láti gbé lọ fún Solange kó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìyókù. Kí èsì tó dé, òun fúnra rẹ̀ jẹ ẹ́. Solange bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó ní sùúrù.

“Bí ikú bá wà níbẹ̀,” Uqittuk ní, “ẹnu mi ni kó kọ́kọ́ bá pàdé.”

Niali jókòó tì í, ó ń wo ìpéǹpéjú rẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe é. Èsì dé pé ẹran náà mọ́, ìlú sì jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ́dọọdún. Ọdún tí òkun bá kọ̀ tí kò dì, kì í sin ẹran rárá. Àwọn kan ń kùn, ó ń jẹ́ kí wọ́n kùn. Orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, ó ti darúgbó, Niali ló sì wẹ̀ ẹ́. Niali ló gba iṣẹ́ náà. Lọ́dún tó kọjá, ooru ò lọ, ó ní òun ò ní rán ẹran kankan. A sè é, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.